Sípíkà Méjì Tí Ìyá Alábọ́ Fi Owó Mẹ́kà Rà

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń sọ pé onísùúrù ènìyàn ni Ìyá Alábọ́. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á mú yín délé láyọ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi àgbà kò ní sùúrù, wọn kò sì mọ bí a ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n fẹ́ràn mi, wọ́n sì kórìíra ọkùnrin kan, wọ́n sì ṣe méjèèjì tọkàntọkàn títí wọ́n fi kú. Bí mo bá kọ nípa ìfẹ́ yẹn tí mo sì fo ìkórìíra náà, ẹlòmíràn ni mo kọ̀wé nípa rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, ọwọ́ wọn gùn, ilé mi kò sì jìnnà sí tiwọn. Ohun tí mo lè sọ ni pé àbúrò bàbá mi àgbà ni, òun ló sì ni ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá mi ń wà. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo Ìjemọ̀ ń pè é. Nígbà ayé rẹ̀ mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí.

Abọ́ tánganran ni Ìyá ń tà, àwọn tó ń fọ́, kì í ṣe ti irin. Iwájú ilé wa ni wọ́n ń pàtẹ sí, nínú ọgbà tí ilé tiwa àti ilé Bàbá Ọlọ́kọ̀ kọjú síra wọn. Bí páálí abọ́ bá dé láti Èkó, wọn á jókòó sórí àpótí, wọn á yọ abọ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú koríko gbígbẹ tí wọ́n fi dì í, wọn á gbé e lé ìka ọwọ́ òsì, wọn á fi oríkèé ìka kan ọwọ́ ọ̀tún kàn án. Wọn á dẹtí. Abọ́ tó bá pé á máa dún lọ gbọọrọ. Èyí tó bá ti sán nínú á dún kó, ohùn rẹ̀ á sì kú síbẹ̀. Èyí tó kú yẹn, wọn kì í tà á. Wọn á kó o sẹ́yìn ilé kí adìẹ máa fi mu omi.

Mo rántí obìnrin kan tó fẹ́ ra ọ̀kan nínú àwọn abọ́ tó kú yẹn dandan, ó ní òun fẹ́ràn òdòdó ara rẹ̀. Ó ń yí i síwá sẹ́yìn nínú oòrùn. "Ìyá, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ o. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ kàn fẹ́ gbé e pamọ́ fún oníbàárà yín ni."

Ìyá gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kàn án létí rẹ̀ gan-an. "Ojú lo fi ń wò ó látàárọ̀," wọ́n ní. "Fi etí wò ó."

Ní ti ìjà, wọn kì í pariwo. Ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n lè má mọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Alápatà kan wà lọ́jà tó fi egungun tan Ìyá jẹ lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ní àlejò. Láti ọjọ́ náà wọn kò ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọn á kí i, wọn á bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀, wọn á sì lọ ra ẹran lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an kó lè máa wò wọ́n. Nígbà tó darúgbó, ó rán ènìyàn wá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó kú, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí n bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Inú mi dùn. Mo bi wọ́n lójú ọ̀nà bóyá wọ́n ti foríjì í.

"Rárá o," ni Ìyá wí. "Mo ní kí n lọ rí i dájú pé ó kú ni."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọkọ̀ náà báyìí, nítorí láìsí i kò sẹ́ni tó máa mọ ìdí tí obìnrin tó ń tajà jẹ́jẹ́ ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní aláriwo Ìjemọ̀.

Mo wà nínú ọkọ̀ náà. A ti gba ìsinmi nílé ìwé, bàbá mi, Ràsákì, sì fẹ́ mú mi dé oko lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá kí n lọ rí àwọn ènìyàn wa. Láàárọ̀, kí a tó gbéra, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó sì jáde pẹ̀lú epo lọ́wọ́. Bàbá Ọlọ́kọ̀ dúró létí ọgbà, ó ń run pákò.

"Bàbá, bíréèkì yìí ò mú mọ́ o," ni bàbá mi wí. "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lónìí."

"Ìwọ náà sì ń pe ara rẹ ní dírẹ́bà. Fi jíà mú un. Gbàgúdá àwọn ènìyàn ń jẹrà lóko."

"Sídí wà pẹ̀lú mi, Bàbá."

Ọkùnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó tutọ́ pákò sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Sídí ò wúwo."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ẹrù gbàgúdá ti kún ọkọ̀ dé òkè. A dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ láàárín àpáta. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń tẹ nǹkan náà léraléra. Mo gbọ́ jíà tó ń han. Ó na ọwọ́ kọjá iwájú mi, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì tì mí síta sínú koríko. Mo ṣì ń mọ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti kàn mí léjìká. Ọkọ̀ náà lọ kọlu àpáta. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ lọ síbi tí kò jìnnà púpọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín, àwọn oníbàárà tí mo ń ránṣọ fún sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

A sin bàbá mi lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Kí ó tó di ọjọ́ kẹjọ tí a máa ṣe fìdáù, Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti ń sọ fún gbogbo àwọn tó ń wá kí i pé ọtí ló pa Ràsákì. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún un títí. Ó ní òun kò fẹ́ tú àṣírí òkú, àmọ́ òótọ́ kò ṣe é gbé mì. Nínú ilé Mùsùlùmí! Ọkùnrin tó jẹ́ pé omi ni ó fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀ kó tó fi ẹnu kan nǹkan mìíràn. Àwọn àlùfáà tó wá sí fìdáù kò tó nǹkan. Wọ́n sáré ṣàdúà, wọn kò jẹun, wọ́n wọ bàtà wọn lọ. Oúnjẹ tí Ìyá sè wà nínú ìkòkò títí ó fi kan. Ìyá mi tó bí mi kò lè fojú kan àwọn ará àdúgbò mọ́, ó sì padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Òwu. Mo kù sọ́dọ̀ Ìyá Alábọ́.

Ohùn mi ti lọ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọlu àpáta. Nígbà tó máa padà wá, kò ju èémí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ mi á ní láti tẹ orí sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá gbé etí wọn sún mọ́ ẹnu mi. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n di ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n ró ìró wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, a sì kọjá sí ilé tó kọjú sí tiwa.

Ìyàwó ilé ni Ìyá, ọkọ sì ni gbogbo ọmọ bíbí ilé náà jẹ́ fún wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Bàbá Ọlọ́kọ̀ ní ọkọ mi, tí òun náà sì ń pè wọ́n ní ìyàwó wa. Wọn kò yí i padà títí tí ọ̀rọ̀ náà fi tán, ó sì máa ń dẹ́rù bà mí láti gbọ́ bí wọ́n ti ń fi ẹnu dídùn bá ara wọn jà.

"Ọkọ mi, Sídí gbọ́ ohun tí Ràsákì sọ fún yín nípa bíréèkì."

Kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Tẹlifíṣọ̀n tuntun àti fídíò tuntun wà níwájú rẹ̀, parọ́ọ̀ rẹ̀ kún fún àwọn ará àdúgbò tó wá wo fíìmù. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní àdúgbò wa.

"Ọmọdé tí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀?" ó wí. "Ó dáa. Ìwọ, sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo la ẹnu. Ẹni tó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún yí ojú padà sí fíìmù wọn.

"Ìyàwó wa," ọkùnrin náà wí, "ọjọ́ tí gbogbo Ìjemọ̀ bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ wá pè mí."

Ó ti pẹ́ tí Ìyá ti ń tọ́jú owó Mẹ́kà. Òun ni ìdí tí wọn kò fi ra aṣọ olówó ńlá, òun ni ìdí tí òrùlé wa fi ń jò. Wọ́n kó owó náà jáde. Lèmọ́mù ràtíbì àdúgbò wa gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ra sítíríò, ó sì sáré wá.

"Ìyá Alábọ́, Mẹ́kà ńkọ́?"

"Mẹ́kà ò ní sá lọ, Lèmọ́mù. Àwọn tó gbọ́ irọ́ lórí ọmọ mi ló lè kú kí n tó sọ òótọ́ fún wọn."

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Sápọ́n nígbà náà tí wọ́n to sípíkà síwájú rẹ̀ bí ẹni to àwọn ọmọ ogun. Láyé ìgbà yẹn, bí sípíkà bá ti ga tó ni ọlá oní-nǹkan ṣe tó. Àwọn kan ní iná aláwọ̀ pupa tó ń ṣẹ́jú. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò tíì dàgbà púpọ̀, ẹnu rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ wò ó, Ìyá, èyí ga ju yín lọ. Ẹ fi ọwọ́ kàn án níbí. Bó bá dún, àyà yín á gbọ́ ọ kí etí yín tó gbọ́ ọ."

Wọ́n ra àwọn tó ga jù, wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ra fídíò, wọ́n ra sítíríò tó ní ihò máìkì. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wálé, wọ́n ti sípíkà méjèèjì mọ́ kọ̀rọ̀ parọ́ọ̀, wọ́n sì ṣe bí gbogbo wa ti ń ṣe sí ohun iyebíye: wọ́n fi àrán pupa bò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n gbé òdòdó oníke lé wọn lórí. Wọ́n ṣí fèrèsé. Wọ́n fún mi ní máìkì. "Ó yá, sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Ohun tó jáde ni bù-bù-bù, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí àgbá òfìfo nínú yàrá kejì. Ilẹ̀ ń mì, abọ́ orí àtẹ ń gbọ̀n. Àwọn obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n gbé ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọkùnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ kú oríire o! Ta ló bímọ?"

Ikú bàbá mi ni mo ń ròyìn, wọ́n sì ń jó sí i. Láti ọ̀ọ́kán, mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Ọlọ́kọ̀.

Ìyá pa sítíríò náà. "Ẹ gbé ẹrù yín," wọ́n wí fún àwọn obìnrin náà. "Kò sẹ́ni tó bímọ níbí."

Ní ọjọ́ kejì a padà sí Sápọ́n, alágbàárù gbé sípíkà tẹ̀lé wa. Oníṣọ́ọ̀bù náà ká ọwọ́ lórí.

"Ìyá, a kì í gba ọjà padà. Kí ló ṣe é? Báàsì rẹ̀ tó ń mi ilẹ̀ nìkan, gbogbo Abẹ́òkúta ló ń wá irú rẹ̀."

"Báàsì yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi mì."

"Ọ̀rọ̀ kẹ̀? Orin ni wọ́n ń fi gbọ́, Ìyá."

"Mi ò béèrè orin lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n sún mọ́ èyí tó ga yẹn, wọ́n fi oríkèé ìka kan pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dún pó, ó sì ń dún lọ. Wọ́n mi orí. Wọ́n kan èyí tó tẹ̀lé e. Wọ́n ń kàn wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dẹtí, ọmọkùnrin náà sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, ó ń fi aṣọ nu ibi tí ọwọ́ wọn bá kàn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn méjì kan wà níbẹ̀ tí eruku ti bò. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò ga ju àyà Ìyá lọ, kò sí iná kankan lára wọn. Ìyá kan ọ̀kan nínú wọn. Kò dún. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ògiri.

"Èyí," wọ́n ní.

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá! Tiṣà kan ló ní kí n bá òun mú un wá, tó sì sá. Kò sẹ́ni tó ń rà á. Èyí tí kò dún gan-an lẹ wá rà?"

"Pákó rẹ̀ ni kò dún. Bí àpótí bá ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀. So ó mọ́ iná. Fún ọmọ yìí ní máìkì. Kí ìwọ wá sọdá títì, kí o dúró sódìkejì, kí o wá sọ ohun tó bá sọ fún mi."

Ó wò wọ́n bóyá wọ́n ń ṣeré. Wọn kò ṣeré. Ó so ó, ó sọdá, ó dúró láàárín àwọn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ó kọjú sí wa, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá fi orí ṣe àmì sí mi pé kí n máa sọ. Mo sọ ohun tí mo ní lẹ́nu, bí mo ti lè sọ ọ́ mọ.

Nígbà tó padà sọdá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi lórí símẹ́ńtì, ó sì wò mí.

"Ó ní, 'Bàbá mi sọ fún un pé bíréèkì ò mú. Ó ní Sídí ò wúwo.'" Ó yíjú sí Ìyá. "Ṣé òun ni Sídí?"

"Òun ni."

Ó gba àwọn tó ga yẹn padà láìjiyàn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀lé wa wálé. Ó fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, ó yà wọ́n síra, ó kọ ojú wọn sí fèrèsé. Bí Ìyá ti ń gbé àrán wọn bọ̀, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ká a.

"Ẹ má bò ó, Ìyá. Ẹnu rẹ̀ nìyẹn."

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun alásárì, Ìyá ń ṣí parọ́ọ̀ wọn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Fíìmù àwọn Índíà, fíìmù àwọn tó ń ta ẹ̀ṣẹ́, wọ́n ń yá wọn wá. Ohùn sípíkà náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí obìnrin inú fíìmù bá mí kanlẹ̀, àwọn tó jókòó lórí ẹní á mí kanlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Láìpẹ́, parọ́ọ̀ Bàbá Ọlọ́kọ̀ dá páropáro. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ń yọ́ wá sí tiwa. Ṣùgbọ́n òfin kan wà: kò sí fíìmù kankan kí Sídí tó sọ̀rọ̀. Mo máa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo máa di máìkì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo máa sọ ohun tí bàbá mi sọ, ohun tí ọkùnrin náà fèsì, àti ọwọ́ tó tì mí síta. Èémí tó wà lẹ́nu mi máa jáde lójú fèrèsé, á sì wọ ilé ọ̀ọ́kán lọ.

Ní Sátidé kan ó wá.

"Ìyàwó wa, ẹ dín ariwo yìí kù. Mo ní àlejò."

"Kì í ṣe ariwo, ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ ni. Ṣé ẹ gbọ́ ọ, àbí kí ọmọ tún un sọ?"

Àwọn ènìyàn bo ẹnu wọn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Kó tún un sọ, Ìyá, àwa tẹ̀yìn ò gbọ́ ti jíà!"

Ọkùnrin náà jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, ó bá mi nídìí ẹ̀rọ omi, èmi nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá ọmọdé ṣeré, ó bá mi gbé kẹ̀rẹ̀gbè mi sórí. "Sídí," ó wí pẹ̀lẹ́, "ọkọ̀ ò pa ọ́. Má jẹ́ kí ẹnu rẹ parí iṣẹ́ ọkọ̀."

Mo dé ilé, aṣọ mi tutù, kì í sì í ṣe omi kẹ̀rẹ̀gbè nìkan. Mo bẹ Ìyá kí wọ́n jẹ́ kí n ṣíwọ́. Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi mí láti ìgbà náà bóyá kò burú tí wọ́n fi ọmọdé ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń mú mi lọ sílé ìwé tí wọ́n sì ń mú mi bọ̀, wọ́n gbé ẹní mi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn, wọn kò sì jẹ́ kí n mu omi tí wọn kò kọ́kọ́ tọ́ wò. Àmọ́ wọn kò dá a dúró.

"Máa bẹ̀rù lọ," ni wọ́n wí, wọ́n ń nu ojú mi. "Ṣùgbọ́n máa sọ ọ́."

Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti ń wá oyè Bàbá Àdínnì mọ́sálásí wa fún ìgbà pípẹ́. Ó ti ra ẹní fún mọ́sálásí, ó ti kun ògiri rẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wé láwàní fún un, Lèmọ́mù àti àwọn àgbà mọ́sálásí yà wá sí parọ́ọ̀ Ìyá lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú sípíkà pẹ̀lú àwọn tó wá wo fíìmù. Mo sọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, Lèmọ́mù ní kí wọ́n pe Bàbá Ọlọ́kọ̀ wá.

Ó wọlé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mi ò tíì fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ ọtí," ni Lèmọ́mù wí. "Ẹyọ kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Kí ọkọ̀ tó gbéra lọ́jọ́ náà, ṣé Ràsákì sọ fún ọ pé bíréèkì ò mú, àbí kò sọ?"

"Lèmọ́mù, ẹ mọ bí àwọn dírẹ́bà ṣe máa ń..."

"Ṣé ó sọ, àbí kò sọ?"

Mo rò pé yóò purọ́. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó láàárín èrò, wọ́n ti gbọ́ mi lọ́pọ̀ Sátidé, wọ́n sì ń wò ó lẹ́nu. Ó wo ilẹ̀.

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Àti ọtí?" Lèmọ́mù bi í.

Ó mi orí. Kò lè fi ẹnu sọ pé irọ́ ni.

Wọn kò wé láwàní fún un. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló ní kí a ṣe fìdáù mìíràn fún bàbá mi, lójú gbogbo ènìyàn. Ọgbà wa kò gba èrò. Wọ́n jókòó dé ojú títì, wọ́n jẹun, wọ́n pe orúkọ Ràsákì nínú àdúà wọn láìsí ìtìjú. Lẹ́yìn àdúà ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ọmọ ilé fún ìyàwó ilé, ohun tí ojú kò rí rí. Ó ní kí wọ́n foríjì òun nítorí Ọlọ́run.

Ìyá ń kó abọ́ jọ. Wọn kò dúró. "Ọkọ mi, ẹ dìde, ẹ má ba aṣọ yín jẹ́. Ọ̀rọ̀ yín àti Ọlọ́run kò kàn mí. Tèmi kò tíì tán."

Mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó yẹ kí ó tán síbẹ̀. Ọkùnrin náà kó lọ sí Adìgbẹ, nítorí kò lè gbé ojú sókè ní Ìjemọ̀ mọ́. Nígbà tó kú níbẹ̀, Ìyá lọ. Wọ́n ti gbé òkú sílẹ̀ ní iwájú ilé. Àlùfáà sì béèrè bí wọ́n ti máa ń béèrè kí a tó kírun sí òkú lára: ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì í. Ẹ mọ bí a ti ń dáhùn. Gbogbo ènìyàn á jùmọ̀ sọ pé a ti foríjì í, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ohùn gbogbo wọn ti wálẹ̀ ni Ìyá sọ̀rọ̀ láti ìdí ilẹ̀kùn níbi tí àwọn obìnrin wà. Wọn kò pariwo.

"Èmi ò foríjì í o. Ẹ sin ín."

Ẹni tí Ìyá Alábọ́ jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n kò nílò ju ọjọ́ náà lọ. Wọn kò dé Mẹ́kà láéláé, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní Àlàájà, wọ́n sì sùn dáadáa.

Nígbà tí Ìyá náà kú, èrò pọ̀. Àlùfáà béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè, àkọ́bí Bàbá Ọlọ́kọ̀ sì wà láàárín wa, ọkùnrin ńlá tó ní mọ́tò púpọ̀. Mo rí i bí ojú gbogbo ènìyàn ṣe yí sí i. Òun ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "A ti foríjì wọ́n." Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀, wọ́n ń yìn ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Sídí, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe fún Ìyá lónìí."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun."

"Ó ku tiyín nìyẹn. Àwọn ènìyàn ṣì wà níbí. Ẹ sọ ọ́ lójú wọn pé ẹ ti foríjì bàbá mi, kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán nínú ẹbí."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó nítòsí ti tẹ orí sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ mi.

"Mi ò lè foríjì í, Bọ̀dá," mo wí. "Ẹni tó ni ìdáríjì yẹn kú sínú ọkọ̀ yín."